Gbígbin Ewé Sórí Pẹpẹ Nínú Ilé ní Àbújá: Ìdí Mítà Iná Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀

Púpọ̀ nínú létúùsì tí à ń rà ní ọjà Wúsè àti ní ọjà Kúbúwà, láti Jọ́ọ̀sì ni ó ti ń wá. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ìtẹ́jú òkun, òtútù ibẹ̀ sì bá ewé yìí lára mu. Àmọ́ kí ọkọ̀ tó gbé e la inú oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ewé ẹ̀yìn ti rọ, ti inú sì ti ń dúdú létí. Ìdí nìyí tí mo fi kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré kan nílé wa ní Kúbúwà, tí mo to pẹpẹ onírin síbẹ̀, tí mo sì ń gbin ewé sínú abọ́ omi lábẹ́ iná LED. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń gbé inú fúláàtì ní Àbújá tàbí ní ìlú mìíràn ní Òkè Ọya, tí kò ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì fẹ́ kí ewé tútù máa wà nínú ilé òun. Pẹpẹ kan ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹni tó bá mọ pẹpẹ kan tọ́jú ni ó lè to mẹ́ta lé ara wọn.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí á mọ̀ kí á tó ná kọ́bọ̀. Níhìn-ín, irúgbìn kọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìmọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Iná àti ooru ni. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo tò láti bá àwọn méjèèjì yìí jà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìlà iná tí ilé yín wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ọba kéde pé àwọn tó wà ní Band A, tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan, ìyẹn iná wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Iye yẹn ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà ẹ wo rìsíìtì iná tí ẹ rà gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi iye tó wà lára rẹ̀ rọ́pò 225 nínú ìṣirò yìí.

Pẹpẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ń fẹ́ tíúùbù LED mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 18. Àpapọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 72. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 14 lóòjọ́, wọn yóò jẹ yúníìtì kan gééré. Létúùsì yóò lò tó ọjọ́ 35 lórí pẹpẹ kí ó tó ṣeé ká, èyí tó túmọ̀ sí yúníìtì 35 àti díẹ̀, tí owó rẹ̀ jẹ́ náírà 7,938. Abọ́ méjì ni pẹpẹ náà gbà, létúùsì mẹ́fà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, méjìlá lápapọ̀. Ẹ pín 7,938 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí i pé iná nìkan ti gba náírà 661 lórí létúùsì kan, kí á tó ka irúgbìn, ajílẹ̀ àti omi mọ́ ọn. Ẹ fi iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ ń rà á lọ́jà ní àkókò ọ̀pọ̀ àti ní àkókò ọ̀wọ́n, kí ẹ tó pinnu.

Mi ò fẹ́ fi ìṣirò yìí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé kí á yan ohun tí a ó gbìn pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní alayyahu, ń hù wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ létí odò ní agbègbè Àbújá, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ gan-an. Kò sí ìdí tí a ó fi ra iná láti gbin ohun tí oòrùn ń gbìn lọ́fẹ̀ẹ́. Tòmátì náà kò yẹ lórí pẹpẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ronú nípa rẹ̀ láti ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná àti Kánò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná sì kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí tòmátì ń fẹ́ kí ó tó so tó ìlọ́po méjì ti létúùsì, ẹ ó sì tún máa gbọn òdòdó rẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ òde tí yóò gbọ̀n ọ́n. Létúùsì, efinrin, míńtì àti gbúre ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ewé ni a ń jẹ lára gbogbo wọn, a kì í dúró de èso, a sì lè máa gé wọn kí wọ́n má bàa ga ju pẹpẹ lọ.

Ẹ má ṣe lérò pé ẹ ó fi jẹnẹrétọ̀ tan iná yìí, nítorí pé owó epo yóò gbé ẹ̀fọ́ náà mì. Ti íńfátà ńkọ́? Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 200Ah, irú èyí tí à ń bomi sí, kò yẹ kí á lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ìdajì yẹn kò pé yúníìtì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ilé náà ń wò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí iná ọba nìkan máa tan pẹpẹ náà. Létúùsì lè wà láìrí ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì láìkú. Yóò kàn fa ìdàgbàsókè sẹ́yìn díẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé, tí agbára rẹ̀ sì ń ṣẹ́kù lọ́sàn-án, lè tan iná náà lọ́sàn-án tààrà láìgba ọ̀dọ̀ bátìrì. Ní tèmi o, òru ni mo yàn, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ yàrá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà ń gbé ẹrù iná kiri. Láti ọdún 1999 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dickson Despommier àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Columbia ní New York ti gbé èrò kalẹ̀ pé a lè to oko lé ara wọn nínú ilé gíga láàárín ìlú, owó ńlá ti wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, AeroFarms ní New Jersey sá tọ ilé ẹjọ́ lọ nítorí gbèsè, Bowery sì kógbá sílé ní ọdún 2024. Iná wà lára ìnáwó tó wúwo jù lọ fún ẹni tó bá fi gílóòbù rọ́pò oòrùn. Bí ẹlẹ́gbẹ̀rún pẹpẹ bá ń ṣírò, ẹlẹ́pẹpẹ kan gbọ́dọ̀ ṣírò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ọ̀nà tí kò ní páǹpù

Bí ẹ bá wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ ó máa rí jù ni páìpù funfun tí wọ́n lu ní ihò, tí páǹpù ń ti omi fẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ gbòǹgbò. Ọ̀nà náà dára, Allen Cooper ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí iná bá lọ, páǹpù yóò dúró, omi yóò ṣàn tán nínú páìpù, gbòǹgbò yóò sì gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ nínú ooru wa. Èyí tí mo gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti lò ni ọ̀nà omi dídúró, tí Bernard Kratky ti yunifásítì Hawaii ṣàlàyé rẹ̀. Kò ní páǹpù, kò sì béèrè iná kankan fún omi.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. A ó gbé ewé sínú ife oníhò tí a fi kọ́ ìdérí abọ́, ìsàlẹ̀ ife náà yóò sì kan omi díẹ̀. Bí ewé ti ń mu omi ni omi ń fà sísàlẹ̀, àlàfo sì ń ṣí sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí. Gbòǹgbò tó wà nínú àlàfo yẹn kò ní í sí nínú omi mọ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa mí, nígbà tí èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò máa mu oúnjẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí omi ń dín kù, ẹ má ṣe sáré bu omi kún un dé ẹnu. Ẹni tó bá bò àwọn gbòǹgbò òkè yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú omi ti tẹ̀ wọ́n rì. Bí omi bá fẹ́ tán kí ewé tó tó ká, ẹ bu omi sí i níwọ̀nba, kí ó má ju ìdajì abọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Yàrá, àti ooru inú rẹ̀

Kò sí ibi tí mo ti pàdánù tó ibí yìí. Létúùsì ń fẹ́ kí yàrá wà láàárín 18 sí 25°C. Bí ó bá ti ń kọjá 28°C lọ́pọ̀ ọjọ́, ọ̀pá àárín rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ewé rẹ̀ yóò sì korò. Ìyá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, ọmọ Ìlọrin, ni mo fún ní irú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́ igi rẹ̀ níwájú mi, oje funfun bí wàrà sun jáde, ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ọmọ mi, yánrin òyìnbó nì yìí." Òótọ́ ni màmá sọ. Ìdílé kan náà ni létúùsì àti yánrin, oje yẹn sì ni ẹ ó fi mọ ewé tí ooru ti mú. Ẹ lè sè é bí wọ́n ṣe ń se yánrin, àmọ́ kò ṣeé jẹ ní tútù mọ́.

Ẹ ra tẹmómítà kékeré kan, kí ẹ gbé e sínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbin ohunkóhun, kí ẹ sì máa kọ ohun tó kà sílẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán àti ní aago mẹ́wàá alẹ́. Yàrá tí ògiri rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn kò dára. Èyí tó wà lábẹ́ páànù láìní sílíǹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná tí tíúùbù LED bá jẹ ni yóò di ooru nínú yàrá nígbẹ̀yìn. LED tutù ju gílóòbù àtijọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáàtì 216 ti pẹpẹ mẹ́ta nínú yàrá tí a tì pa, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí mo fi ń tan iná mi láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ewé kò bìkítà bóyá òru ni a sọ di ọ̀sán fún òun. Ohun tó mọ̀ ni iye wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ fi kàn án àti bí ooru ṣe tó. Táímà kékeré tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò máa tàn án, yóò sì máa pa á láìjẹ́ pé ẹ jí.

Ẹ gbé fáànù kékeré sínú yàrá náà kí ó máa fẹ́ ewé jẹ́jẹ́. Kì í ṣe nítorí ooru nìkan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dúró sójú kan tí ọ̀rinrin sì pọ̀, bí ó ti máa ń rí ní oṣù kẹjọ, ewé kì í lè fa omi sókè dáadáa, kálísíọ̀mù kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ewé kéékèèké tó wà láàárín. Etí wọn yóò wá jó di búráùn, bí ẹni pé iná rà á. Àwọn kan yóò tún da ajílẹ̀ sí i nígbà náà, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ewé náà ń tọrọ.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ni létúùsì ń ṣe dáadáa jù ní Àbújá, nítorí òtútù òru. Eruku ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́: ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu ojú tíúùbù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa á. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ẹ jẹ́ kí létúùsì sinmi bí ẹ kò bá ní amúlétutù nínú yàrá náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì gbin gbúre àti efinrin, tí ooru kì í dà láàmú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Pẹpẹ àti tíúùbù

Ẹ fún wẹ́dà ní iṣẹ́ pẹpẹ onírin, ẹ má ṣe lo pákó tí omi yóò máa rin. Abọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba omi lítà 40, tí ó jẹ́ kílò 40. Méjì lórí pẹpẹ kan jẹ́ kílò 80. Ẹ sọ ìwọ̀n yìí fún wẹ́dà ní ojú rẹ̀, kí ó lè fi irin tó tó ìwọ̀n gbé e nísàlẹ̀. Kí àlàfo láàárín pẹpẹ kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65, kí abọ́, ewé àti tíúùbù lè gbà níbẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, àwọn oníṣòwò yóò fẹ́ ta iná aláwọ̀ elésè-àlùkò fún yín ní owó gọbọi, wọn yóò ní òun nìkan ni ewé ń jẹ. Òótọ́ ni pé pupa àti búlúù ni ewé ń lò jù. Ṣùgbọ́n LED funfun tí à ń rà ní ìsọ̀ oníná ní àwọn méjèèjì nínú: búlúù ni iná náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan bo ojú rẹ̀ tí ó ń yí apá kan rẹ̀ sí ìyeyè àti pupa, tí ojú wa fi ń rí gbogbo rẹ̀ ní funfun. Iṣẹ́ LED búlúù yẹn ni Akasaki, Amano àti Nakamura fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Tíúùbù funfun tí wọ́n kọ 6500K sí lára tó fún létúùsì, yóò sì tún jẹ́ kí ẹ rí àwọ̀ ewé bí ó ti rí gan-an, èyí tí ẹ kò ní í rí lábẹ́ elésè-àlùkò. Bí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tètè mọ̀.

Ẹ so tíúùbù mẹ́rin lábẹ́ pẹpẹ òkè, kí ó jìnnà sí orí ewé ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25. Ẹ fi fọ́ìlì tàbí páálí funfun bo ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ṣòfò sí ara ògiri. Ẹ lè fi fóònù wọn ìmọ́lẹ̀ náà, nítorí pé áàpù ọ̀fẹ́ wà tó ń ka lux, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá kà láàárín 8,000 sí 12,000 ní ibi tí orí ewé wà, ó ti dára. Bí ọmọ ewé bá ń ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ṣubú, ìmọ́lẹ̀ kò tó, ẹ mú tíúùbù sún mọ́ ọn.

Omi àti iná ti pàdé nínú yàrá yìí, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ fi bíríkà àti waya ilẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti táímà gbọ́dọ̀ ga ju abọ́ omi lọ, kí waya tó wọ inú wọn sì kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè, kí omi tó bá gba ara waya wá lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa iná kí ẹ tó gbé abọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé nìkan wọ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Abọ́ àti omi

Abọ́ ike onídèérí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 50, ni kí ẹ wá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè gba ara rẹ̀ kọjá, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yóò hù nínú omi, yóò sì máa bá ewé yín jẹun. Nítorí náà ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e, kí ẹ tún fi fọ́ìlì bo ìta kí ó má bàa gba ooru. Ẹ lu ihò mẹ́fà sára ìdérí, kí ife oníhò wọ̀ ọ́ pinpin.

Omi dídúró nínú ilé ní Nàìjíríà, ẹ̀fọn yóò fẹ́ yé ẹyin sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Kò gbọ́dọ̀ sí ihò kan tí ó ṣí sílẹ̀ lára ìdérí: ẹ gé fóòmù yí ọrùn ewé ká nínú ife, kí ẹ sì fi téèpù lẹ etí ìdérí mọ́ abọ́. Mo máa ń ṣí i wò ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Omi ẹ̀rọ tó ń ti ìdídò Lower Usuma wá kì í sábà ní iyọ̀ púpọ̀ nínú bíi ti omi kànga ẹlẹ́rọ. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn mai ruwa tí ń ti kẹ́ẹ̀gì lórí ọmọlanke ni ẹ ti ń ra omi, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti bu ú, nítorí pé ti òní lè yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré méjì, ọ̀kan tó ń wọn EC, ìyẹn bí iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó, àti ọ̀kan tó ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó. Bí EC omi lásán bá ti kọjá 0.5 mS/cm kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ fi omi òjò là á. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, òjò kò wọ́n wa; ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù ná kí ẹ tó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oúnjẹ ewé

Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tí wọ́n ń fọ́n sí oko kò ṣeé lò níhìn-ín, nítorí pé kì í yọ́ tán nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ti yúríà, tí ń fẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ láti yí i padà kí ewé tó lè jẹ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò oko, kí ẹ sì gba rìsíìtì: NPK 4-18-38 tí ó ní àwọn èròjà kéékèèké nínú, kálísíọ̀mù náítíréètì, àti iyọ̀ Epsom. Fún abọ́ lítà 40, ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọn gíráàmù 20 ti NPK, gíráàmù 10 ti iyọ̀ Epsom, àti gíráàmù 20 ti kálísíọ̀mù náítíréètì. Ẹ yọ́ NPK tán pátápátá nínú abọ́ náà, ẹ ro ó pọ̀. Ẹ wá yọ́ iyọ̀ Epsom sí i. Kálísíọ̀mù náítíréètì ni kí ó gbẹ̀yìn, ẹ sì kọ́kọ́ yọ́ ọ lọ́tọ̀ nínú lítà omi kan kí ẹ tó dà á sí i.

Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ó máa rọrùn bí mo bá po iyọ̀ Epsom àti kálísíọ̀mù náítíréètì pọ̀ nípọn sínú igò kan, kí n máa dà á díẹ̀díẹ̀. Kí n tó dé ìdérí igò náà, omi tó mọ́ gaara ti funfun, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti tòrò, gbogbo funfun náà sì ti sùn sísàlẹ̀ igò bí ògì. Kálísíọ̀mù ti gbá sọ́fẹ́ẹ̀tì inú iyọ̀ Epsom mú, wọ́n ti di jípísọ̀mù, irú ohun tí àwọn oníṣẹ́ POP ń lẹ̀ mọ́ òrùlé. Gbòǹgbò kò lè mu ún. Owó mi ti di sìmẹ́ǹtì nínú igò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó, EC rẹ̀ yẹ kí ó wà láàárín 1.2 sí 1.8, kí pH sì wà láàárín 5.5 sí 6.5. Bí pH bá ga, ẹ lo omi tó ń mú pH wálẹ̀, tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ kán an díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò mú un wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò ti padà síbi tó wà. Kálísíọ̀mù náítíréètì máa ń mú kí iná ràn, ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ dè é nínú ike gbígbẹ, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná.

Ìgbésẹ̀ keje: Irúgbìn

Ẹ gé fóòmù ní igun mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ la ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé irúgbìn létúùsì kan tàbí méjì sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti hù. Bí ooru bá kọjá 28°C, ọ̀pọ̀ irúgbìn létúùsì kì í hù rárá, wọn yóò kàn sùn; ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé abọ́ irúgbìn náà sí ibi tó tutù jù nínú ilé, lórí táìlì balùwẹ̀ fún àpẹẹrẹ, fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Yóò hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Bí ó bá ti hù ni kí ẹ gbé e sábẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì máa fún un ní oúnjẹ ewé tí ẹ fi omi là sí ìdajì.

Gbúre àti efinrin kò nílò irúgbìn. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú ife omi. Gbòǹgbò yóò yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Gbígbé e sí pẹpẹ, àti wíwo gbòǹgbò

Ní nǹkan bí ọjọ́ 14, nígbà tí létúùsì bá ti ní ewé gidi méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé òun pẹ̀lú fóòmù rẹ̀ sínú ife oníhò, kí ìsàlẹ̀ ife kan omi. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ẹ wo tẹmómítà, ẹ wo ewé, ẹ gbé ìdérí sókè díẹ̀ kí ẹ wo gbòǹgbò.

Gbòǹgbò ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ewé lọ, nítorí pé ewé máa ń pẹ́ kí ó tó sọ òótọ́. Ní oṣù kẹta kan, iná lọ ní àdúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́ta, fáànù dúró, mo sì ti fèrèsé nítorí eruku. Ewé ṣì tutù lójú, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìdérí, gbòǹgbò tó ti funfun bí òwú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti pọ́n bí omi tíì. Mo fi ìka méjì fa ọ̀kan, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ohun tó kù kò nípọn ju irun lọ, òórùn rẹ̀ sì dàbí ti ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a gbàgbé. Omi abọ́ náà ti gbóná kọjá 30°C. Omi gbígbóná kì í lè mú ọ́síjìn dání púpọ̀, àrùn tó ń jẹ gbòǹgbò sì fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ewé wá rọ, gbogbo méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi igò ike tí mo ti di omi dídì sínú rẹ̀ sí inú abọ́ ní ọ̀sán gbígbóná, kí omi má kọjá 25°C. Bí gbòǹgbò bá ti ń pọ́n ní ọ̀kan péré, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ da omi náà nù, ẹ po tuntun fún àwọn tó kù.

Nígbà ọyẹ́, ewé ń mu omi ju oúnjẹ lọ nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ, nítorí náà EC yóò máa gòkè. Bí ó bá kọjá 2.0, omi lásán ni kí ẹ fi là á.

Ní ti kòkòrò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, kí ẹ má sì gbé òdòdó tàbí ewé láti ìta wọ yàrá náà láìṣàyẹ̀wò abẹ́ ewé rẹ̀. Bí ẹ bá rí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu oje, ẹ gé ewé náà kúrò, ẹ fi omi ọṣẹ tí kò le fọ ìyókù lábẹ́ àti lókè, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án. Ewé tí a ó jẹ ní tútù ni, ẹ má ṣe fín oògùn kòkòrò sí i nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Kíká

Ẹ ká létúùsì ní òwúrọ̀ kùtù, kí iná tó kú, nígbà tí ewé rẹ̀ kún fún omi. Ẹ lè gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ máa já ewé ẹ̀yìn mẹ́ta sí mẹ́rin kí àárín máa dàgbà; ọ̀nà kejì ni èyí tí ó bá ilé elénìyàn mẹ́rin mu. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ ewé ọjà, bí kò tilẹ̀ ní erùpẹ̀ lára.

Bí abọ́ bá ti ṣófo, ẹ fi bílíìṣì òṣùwọ̀n kan nínú omi ogún òṣùwọ̀n fọ inú rẹ̀, ìdérí àti ife, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Omi tó kù nísàlẹ̀ abọ́ ṣì ní oúnjẹ nínú; ata tó wà nínú garawa lórí bákónì wa ni mo máa ń bu ú fún. Kí ẹ má bàa wà láìní ewé fún ọ̀sẹ̀ méje dípò márùn-ún, ẹ ti gbin irúgbìn tuntun sínú fóòmù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó ká, kí ọmọ ewé ti wà nílẹ̀ de abọ́ bí ó bá ti ń ti inú oòrùn wọlé.